Mo Gbé Ogun Lọ Sí Erékùṣù Tí Ogun Kò Dé

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi pàápàá. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé bàbá arúgbó tí mo ṣẹ̀ fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lóṣù tó ń bọ̀, lọ síbi sàréè bàbá wọn. Sàréè náà ò sí. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, ẹnu ni mo fi gbẹ́ ẹ.

Ọdún 2016 ni mo dé Berlin láti kọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì. Àdúgbò Märkisches Viertel ni mo ń gbé, nínú ilé gíga kan. Bí mo bá kí àwọn aládùúgbò nínú líífítì, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Mo lè lo ọjọ́ mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Hamburg ni mo ti pàdé Alhaji. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ èbúté, ìyàwó wọn ti kú, wọ́n ń dá gbé ní àdúgbò Wilhelmsburg ní Hamburg níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pè mí. "Ọmọ mi, o ti jẹun? Ṣé Heizung tó ń mú yàrá rẹ gbóná ń ṣiṣẹ́?" Ẹni tí kò bá tíì dá gbé rí kò lè mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Alhaji. Wọ́n ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó bàbá wọn lọ sógun àgbáyé kejì, pé kó lọ ṣọ́ èbúté ní erékùṣù kékeré kan tó wà lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì. Kò padà. Ìròyìn kankan ò dé. Ìyá Alhaji ò ṣe opó, ẹnikẹ́ni ò ṣe fídáù, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó ti kú. Ní gbogbo Jímọ̀, Alhaji ń bá bàbá wọn tọrọ àforíjì, wọn ò sì mọ̀ bóyá òkú ni tàbí alààyè.

Wọ́n ní, "Ìwọ tó o mọ̀wé, bá mi wá a nínú Archiv, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Àwọn Jámánì kì í da ìwé nù, tàwọn ọ̀tá wọn pàápàá."

Mo wá a fún oṣù méjì, mi ò rí nǹkan kan. Sátidé méjì tẹ̀ léra, Alhaji ò pè mí. Mo rò pé wọ́n ti rí i pé mi ò wúlò. Ní Sátidé kẹta, èmi ni mo pè wọ́n, mo ní mo ti rí i.

Ẹ gbọ́ irọ́ o. Mo ní ọkọ̀ ogun Jámánì yọ sí erékùṣù náà. Mo ní àwọn ọ̀gá òyìnbó sá lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tó ti ilẹ̀ wa wá dúró, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án di erékùṣù náà mú fúnra wọn. Mo ní bàbá Alhaji ló ń pe ìrun fún wọn, pé ọta ìbọn bà á ní ọjọ́ kẹsàn-án, pé wọ́n sin ín sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n kọjú rẹ̀ sí Gábàsì. Ó dùn lẹ́nu mi débi pé èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Alhaji sunkún. Wọ́n pe àwọn àlùfáà, wọ́n ṣe fídáù, wọ́n fi mí jókòó níwájú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé òtútù ló mú wọn lọ́sẹ̀ méjì tí wọn ò pè mí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti dá àforíjì tí wọ́n ń bá bàbá wọn tọrọ ní Jímọ̀ dúró. Wọ́n ní ẹni tó kú sójú ogun bẹ́ẹ̀ ti rí ìdáríjì gbà, kí ló kù tí àwọn fẹ́ tọrọ fún un? Èyí ń dùn mí gan-an.

Mo wá kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba erékùṣù náà, bóyá Ọlọ́run á sọ irọ́ mi di òótọ́. Ó pé ọdún kan kí èsì tó dé. Wọ́n ní ogun ò dé ibẹ̀ rárá, ìbọn kan ò dún. Wọ́n ní ọkùnrin náà fẹ́yàwó síbẹ̀, ó sì darúgbó kó tó kú. Lẹ́tà ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú àpò ìwé náà. Obìnrin náà ní bàbá òun máa ń sọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ kan tó fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kó kọ̀wé sílé. Ó ní Yorùbá kan ṣoṣo tí òun gbọ́ ni Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí bàbá òun fi ń pe òun. Ó ní, ṣé ọmọ yẹn ṣì wà láyé?

Mo fèsì pé mi ò rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí kí irọ́ mi má bàa tú ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku ìdajì. Mo tún rò ó pé bí Alhaji bá ti ní àbúrò, ta ni wọ́n á tún máa pè ní Sátidé?

Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Àbẹ̀kẹ́ tún kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti gbà pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú, òun sì ti gbàdúrà fún un. Lánàá ni Alhaji pè. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, tiwọn àti tèmi, kí n lè júwe igi àgbọn náà fún wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò ní ẹbí mìíràn láyé yìí mọ́. Ìwọ náà ni."

Lẹ́tà Àbẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí?