Bàbá Ṣakí àti Ọkọ̀ Díísù Mi

Ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ kí ẹ tó bá mi wí. Tọ́lá ọmọ mi wà láàyè. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó wà ní pálọ̀, ó ń kọ orin tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá tí Ọlọ́run lò fún wa, mo ti ba orúkọ wọn jẹ́ lẹ́yìn, wọn kò sì mọ̀. Bí mo bá ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn báyìí, ojú á máa tì mí.

Èmi obìnrin yìí, mo fẹ́ràn kí mọ́tò máa sáré. Kí ni n óò fi pamọ́ fún yín? Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó nígbà náà, èmi àti Tọ́lá là ń gbé ní Magodo, mo sì pinnu láti ra tòkunbọ̀ kan tó lágbára. Mo rí méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò, èkejì lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ìrísí kan náà, àwọ̀ dúdú kan náà, àfi pé ti ọkùnrin yìí ń mu díísù, ti aládùúgbò rẹ̀ ń mu bẹntiróòlù. Mo wa méjèèjì wò. Háà! Ti díísù yẹn, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga. Mo tún wá rò ó pé díísù ni jẹnẹrétọ̀ ilé wa ń mu, àgbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Nígbà tí epo bá wọ́n, tí gbogbo ayé ń tò, èmi á kàn bù lẹ́yìn ilé mi ni.

Mo mú Bàbá Ṣakí lọ síbẹ̀, mẹkáníìkì mi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ìkòsí. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì méjèèjì, wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní ti bẹntiróòlù ni kí n rà. Wọ́n ṣàlàyé pé ihò tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì díísù yẹn kéré jọjọ, bẹ́ẹ̀ omi àti ìdọ̀tí kì í wọ́n nínú díísù tí à ń rà níbí. Jẹnẹrétọ̀ lè fara dà á, mọ́tò asáré kò ní gbà á.

"Mọ́mì Tọ́lá, mo mọ̀ pé èyí dùn ún wà. Ṣùgbọ́n tó bá dákẹ́, ta ni yóò bá yín tún un ṣe?"

Inú bí mi. Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ díísù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kọ́mísàn ni bàbá yẹn fẹ́ gbà lọ́wọ́ aládùúgbò òun. Mo gbà á gbọ́. Àbí mo kàn ń wá ohun tí yóò jẹ́ kí n ra èyí tó wù mí? Mo ra díísù.

Ì bá dára ká ní ó tán síbẹ̀. Àwọn ará ẹ̀sítéètì wa, tó jẹ́ pé èmi ni mo mú wọn mọ Bàbá Ṣakí, wá wo mọ́tò mi, wọ́n béèrè bóyá bàbá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kí wọ́n ṣọ́ra fún bàbá yẹn o, kọ́mísàn ló ń jẹ. Mo tún fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ń ti ilé bọ́ sí ilé. Kò pẹ́ tí mọ́tò ẹ̀sítéètì wa kankan kò lọ sí Ìkòsí mọ́ àfi tèmi, torí kò sí mẹkáníìkì mìíràn tó gbà láti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mi.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ikọ́ fée mú Tọ́lá. Mo fín oògùn rẹ̀ sí i lẹ́nu, kò lọ. Epo mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, mo bá sáré dojú àgbá jẹnẹrétọ̀ dé, mo da gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú táǹkì. N kò tilẹ̀ wo ohun tí mo ń dà. A kọjú sí ilé ìwòsàn kan ní Gbàgádà. Nígbà tí a sún mọ́ Ìfákọ̀, mọ́tò gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó kú. Mo ń juwọ́, ẹnì kan kò dúró. Ètè ọmọ mi ti ń dúdú. Ta ni mo pè? Bàbá Ṣakí náà ni. Ìfákọ̀ gan-an ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò oníbàárà kan ṣe nínú ọgbà rẹ̀, torí iṣẹ́ ti dín kù ní ṣọ́ọ̀bù, ilé àwọn èèyàn ni wọ́n ń tọ̀ lọ báyìí. Wọ́n wa ọkọ̀ bẹntiróòlù wọn tó ti gbó dé, wọ́n gbé Tọ́lá sẹ́yìn ọkọ̀, a sì dé ilé ìwòsàn lásìkò. Dókítà fún un ní afẹ́fẹ́, mo rí i tí àyà rẹ̀ rọlẹ̀. Mo sunkún títí.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ṣakí lọ wọ́ mọ́tò mi, wọ́n bá omi àti ìpẹtà nínú táǹkì rẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá inú àgbá ni mo ti bu epo, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kò bú mi.

Nígbà tí mo lọ dúpẹ́, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún mi jókòó.

"Ẹ má dúpẹ́ púpọ̀. Látìgbà tí àwọn ará ẹ̀sítéètì yín ti kẹ̀yìn sí mi, tí mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì mí. Kò sí ọjọ́ tí mi ò kì í dárúkọ yín àti Tọ́lá nínú àdúrà."

Mo ṣe àmín, mo bọ́ síta.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìpàdé ẹ̀sítéètì wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mo ti pinnu pé n óò dìde, n óò sọ pé irọ́ ni mo pa mọ́ bàbá náà. Èyí kò le. Bàbá Ṣakí fúnra wọn ńkọ́? Ṣé kí n lọ sí Ìkòsí ṣáájú ìpàdé, kí n kúnlẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Bí wọ́n bá gbọ́, ṣé wọn á tún máa dárúkọ wa? Mi ò fẹ́ pàdánù àdúrà yẹn, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni mo fi ń gbà á.