Ọwọ́ Tó Ń Ba Ẹ́ńjìnnì Mi Jẹ́

Ògo ni fún Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa lójú ọ̀nà, tó tún ń gbà wá lọ́wọ́ ara wa. Ẹ ò ṣe àmín yẹn dáadáa. Ẹ̀yin ará tó wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ bá mi pariwo halelúyà, nítorí ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sì ti ń sá fún máíìkì.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ̀ mi, pupa kékeré tó máa ń wà lábẹ́ igi máńgòrò níta yẹn. Òun ni mo ń wà láti Dàda Estate ní Òṣogbo níbí lọ sí Iléṣà tí mo ti ń ṣe tíṣà, gbogbo ọjọ́ tí ilé ìwé bá wọlé. Tó bá di Sátidé, mo tún ń gba Iléṣà kọjá dé Iwaraja lọ wo màmá mi. Ó ti rìn tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà, kò sì tíì sí ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ rí. Àwọn tí a jọ ra ọkọ̀ nígbà náà ti ta tiwọn fún àwọn tó ń ra irin. Ìdí nìyẹn tí ojú fi pọ̀ lára rẹ̀. Tíṣà kan níbi iṣẹ́ wa, tó bá ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, á fọwọ́ pa á lórí, á ní, "Kí lẹ tiẹ̀ ń fún un jẹ?" Kíá ni mo máa ń kúrò níbẹ̀. Ta ló ń béèrè irú ìyẹn lásán?

Ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni Bàbá Ràímì, àgbà mẹkáníìkì kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó, lẹ́bàá Òṣogbo níbí. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n á tó ẹni àádọ́rin ọdún. Bàbá yìí le! Wọ́n ní láàárọ̀, kí n tó ṣíná, kí n kọ́kọ́ wo ọ́ìlì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Wọ́n ní kí n má tẹ iná ọkọ̀ kíkankíkan kí ara rẹ̀ tó yá. Tó bá ti rìn tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà, wọ́n á yí ọ́ìlì, wọ́n á kọ nọ́ńbà náà sórí páálí, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní, "Tí ọwọ́ gééjì tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá àárín, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ní ẹ fẹ́ dé abúlé tó wà níwájú."

Gbogbo rẹ̀ ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n mò ń ṣọ́ wọn. Tí wọ́n bá ń tú nǹkan, orí wọn ni mo máa ń dúró lé. Fííltà ọ́ìlì tí wọ́n bá yọ, ilé ni mo ń gbé e lọ, kí wọ́n má baà fọ̀ ọ́ kí wọ́n tún dá a padà sí i. Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ́ńjìnnì kì í kú lójijì o. Ẹni tó ni ín ló máa ń pa á díẹ̀díẹ̀." Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, bàbá yìí ń pòwe mọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ wá kan omi rẹdiétọ̀, èyí tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Omi tí bàbá ń rọ síbẹ̀ kì í ṣe omi tí ẹ̀yin mọ̀. Àwọ̀ ewé ni, ó ń dán, ó sì ń run dídùn. Wọ́n ní kúláǹtì lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á ṣe bìsìmílà, wọ́n á máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ètè wọn á sì máa mì bí ẹni tó ń pọfọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ajá tàbí ọmọdé tọ́ ọ wò, pé ó lè pa wọ́n. Ẹ gbà mí o! Omi tó ń pa ajá! Òun náà ni wọ́n ń rọ sínú ọkọ̀ èmi opó? Mo ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo délé, mo dúró títí ọkọ̀ fi tutù, mo ṣí kọ́ọ̀kì kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹdiétọ̀, bí mo ṣe rí i tí àwọn fúnra wọn ń ṣe é. Mo gbe omi náà sínú báfù. Mo gbẹ́ ihò tó jìn lẹ́yìn ilé, mo dà á síbẹ̀, mo bò ó, mo fẹsẹ̀ kì í, mo ka Sáàmù mẹ́ta lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mò ń rí yín o.

Kí ni mo wá rọ dípò rẹ̀? Odò kan wà lẹ́yìn ilé màmá mi ní Iwaraja, tí àwọn àgbà ìjọ máa ń gbàdúrà létí rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Gbogbo Sátidé ni mò ń bu omi odò náà sí kẹ́ẹ̀gì, mo ń gbé e wá fún Pásítọ̀ kí wọ́n gbàdúrà sí i. Pásítọ̀, ẹ má bínú. Ẹ ò bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, èmi náà ò sì sọ. Ẹ rò pé mímu ni.

Ìgbà tí mo tún gbé ọkọ̀ lọ, bàbá rí i pé omi wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n rọ òmíràn. Mo tún dà á nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá wò mí títí, wọ́n ní, "Tíṣà, ta ló ń fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí?" Mo ní n ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Lọ́kàn mi, mo ní inú ń bí wọn nítorí pé àṣírí wọn tú.

Láìpẹ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Òkè kékeré báyìí, ọwọ́ gééjì á gbéra. Mo ní ọwọ́ wọn ti tẹ̀ mí nìyẹn. Mo fura sí bàbá, mo fura sí tíṣà tó ń fọwọ́ pa ọkọ̀ lórí, mo fura sí aládùúgbò mi tó máa ń wo ọkọ̀ kó tó kí èmi. Ohun tó ń já mi láyà jù ni ojú màmá mi. Nǹkan funfun ti bo ojú wọn méjèèjì, ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo sì ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wọn. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, dókítà tó fẹ́ ṣe é ò ní padà wá títí ọdún á fi yí po. Màmá sì ti ṣubú ní gáréèjì Iléṣà rí, wọ́n ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ èrò mọ́ láéláé. Ọkọ̀ pupa yìí nìkan ló lè gbé wọn débẹ̀.

Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo gbà. Mo ní Olúwa, ọwọ́ tó ń ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́, fi hàn mí kedere. Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra fún irú àdúrà yẹn.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ náà ni iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la. Mo lọ gbé màmá. A ò tíì kúrò ní Iwaraja tán tí ọwọ́ gééjì ti ń gòkè. Ọkàn kan ní kí n máa sáré lọ, pé Iléṣà ò jìnnà. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ràímì sì ń dún létí mi. Mo pa ọkọ̀. Mo pe bàbá lórí fóònù, pẹ̀lú ìfura náà ni o, torí n ò ní ẹlòmíràn tí mo lè pè. Wọ́n wọkọ̀ láti Òṣogbo, wọ́n bá wa lójú ọ̀nà ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú irinṣẹ́ àti kẹ́ẹ̀gì omi aláwọ̀ ewé wọn lọ́wọ́.

Ẹ́ńjìnnì ti tutù nígbà yẹn. Bàbá tú kọ́ọ̀kì, omi tó jáde pọ́n bí omi àgbàrá. Wọ́n gbe é sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò rà á.

"Yanrìn nìyí. Wàlláhì, yanrìn odò ni, irin sì ti dógùn-ún nínú rẹ̀. Tíṣà, ta ló ń bu omi odò sínú ọkọ̀ yìí?"

Mo lanu láti sọ pé n ò mọ̀. Màmá mi tí wọn ò rí ọwọ́ ara wọn níwájú bá fọhùn látinú ọkọ̀.

"Fọlákẹ́, ṣé kì í ṣe omi tí ùwọ ń bù lọ ní gbogbo Sátidé nù un?"

Ará, àdúrà gbà! Mo ní kí Ọlọ́run fi ọwọ́ náà hàn mí, ó sì fi hàn mí, ẹnu ẹni tí kò ríran ló gbà sọ ọ́. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ẹ̀rù bà mí, ó ju ìgbà tí mo bá rí ọ̀tá lójúkojú lọ.

Mo kúnlẹ̀ nínú koríko, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ti ajá, ti ihò, ti Sáàmù mẹ́ta. Bàbá ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Èmi náà ti ń fura sí yín. Mo rò pé ẹ ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn, pé ẹ kàn fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ ni. Mo tiẹ̀ ti fi yín sínú àdúrà." Mo bi wọ́n pé irú àdúrà wo. Wọ́n ní kí n bá wọn gbé sípánà wá.

Wọ́n ṣàlàyé pé kúláǹtì yẹn ni kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, àti pé yanrìn odò ti dí ojú ihò tóóró tí omi ń gbà kọjá. Mo wá béèrè ohun tí wọ́n máa ń fi ètè sọ tí wọ́n bá ń rọ ọ́. Wọ́n ní, "Mò ń ka ìwọ̀n ni, kó má baà pọ̀ jù." Ọdún mélòó ni mo fi ń bẹ̀rù ẹni tó kàn ń ka ìwọ̀n!

A lọ tọrọ omi tó mọ́ nínú ilé kan nítòsí, a fọ rẹdiétọ̀ náà títí omi tó ń jáde fi mọ́. Bàbá ní bìsìmílà, mo ní lórúkọ Jésù, omi ewé sì wọlé. Nítorí pé mo pa ọkọ̀ lásìkò, nǹkan kan ò jó nínú ẹ́ńjìnnì. Bàbá jókòó tì mí títí a fi dé Òṣogbo, wọn ò gbójú kúrò lára gééjì. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì, bàbá wà níbẹ̀, wọ́n wá kí wa. Màmá wò mí, wọ́n ní mo ti rù. Wọ́n yíjú sí bàbá, wọ́n wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀.

"Àwọn ni bàbá mẹkáníìkì?"

Mo ní àwọn ni.

"Háà! Ojú wọn dára ju bí ùwọ ṣe ń ròyìn wọn lọ."

Ojú tì mí, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Ẹni tó ń ríran ni o! Ẹ dìde, ẹ bá mi jó!