Uṣu A-tàn-lókùnkùn

Mẹ́rin ni awakọ̀ kì mọ́ ìjókòó ẹni mẹ́ta ní Àrámọkọ. Àárín ni mo há sí nígbà tí ìyá àgbẹ̀ kan dá ọkùnrin tó ta oògùn ìfọ́nko tó ń mú iṣu ta fún un mọ̀.

"Ìwọ nìyí! O ní èèpo akàn ni. O ò sọ pé wọ́n ti fi irú iná tí wọ́n fi ń ya fọ́tò àyà ní ọsibítù yan án."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Iná yẹn kàn gé e wẹ́wẹ́ kó lè yòrò lómi ni. Ṣé iṣu yín ò ta?"

"Ó ta, ó tó itan rẹ! Ta ló máa rà á? Ìgbà tó ta tán lo wá gbé pátákó 'Ìtànṣán ló ṣe é' sínú oko mi láti fi polówó ọjà rẹ. Uṣu a-tàn-lókùnkùn ni gbogbo ọjà Èrìò ń pè é."

"Bí wọ́n bá ya fọ́tò àyà yín, ṣé ẹ máa ń tàn ni?"

"Wọn ò fẹ́ sè mí jẹ!"

Ó fa iṣu sísun yọ nínú àpò. "Gbà. Bó o bá jẹ ẹ́ báyìí, wàá bá mi dé ọjà, wàá jẹ òmíràn lójú wọn."

Ọkùnrin náà wo iṣu, ó wo fèrèsé. "Ààwẹ̀ ni mo ń gbà, mà."

Ààwẹ̀! Èèpo ẹ̀pà tó ń bó jẹ láti Àrámọkọ ṣì wà lórí bàtà mi.