Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Akéwì

Nínú takisí tó ń ti àdúgbò Koko lọ sí àdúgbò Commerce, rédíò ń sọ Faransé, ni ìyá àgbà tó jókòó tì mí bá ní kí ọmọ-ọmọ òun túmọ̀ rẹ̀.

“Wọ́n ní akéwì ńlá kan gbé ìwé tuntun jáde, Màmá.”

“Ó káre. Níbo ló ń gbé?”

“Ó ti kú tipẹ́.”

“Ta ló wá kọ ọ́?”

“Òun náà ni. Ewì ìfẹ́ tó kọ sí ìyàwó oníyàwó, inú àpótí rẹ̀ ni wọ́n ti bá a.”

“Kò ti àpótí ọ̀hún ni?”

“Ó tì í.”

“Ta ló fún wọn ní kọ́kọ́rọ́?”

“Wọ́n já àgádágodo rẹ̀ ni.”

“Subuhanallahi!” Ìyá fọwọ́ kan etí ìró rẹ̀, níbi tó so kọ́kọ́rọ́ kékeré kan mọ́. “Sọ fún awakọ̀ kó yí padà. Mo ń lọ sílé.”