Ọgọ́ta Kọ̀ǹpútà, Orúkọ Kan

Ẹ̀yin jámáà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù ò kúrò lọ́wọ́ yín, kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá gbogbo wa gbé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ò gùn. Ẹni tó bá ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀, kó yẹ àṣẹ rẹ̀ wò kó tó sọ ọ́ jáde. Ẹni tó bá sì rí àṣìṣe nínú rẹ̀, kó má pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kó wá dákẹ́. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́. Mo sọ ọ́ nínú Ràmádáànì, mo sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ ṣe àmín, ẹ dìde, ẹ tún lọ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn. Tí ìmáámù bá ṣì kírun, èèyàn mélòó ló ṣì í? Òun nìkan? Gbogbo sáfù tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ni! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ wa pé bí ìmáámù bá gbàgbé, kí ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ wí pé "Sùbúhánálàhì," kí obìnrin sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan lu ẹ̀yìn ọwọ́ kejì. Ẹ di ìyẹn mú.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Alájà Ṣèrífátù, ní ìlú tí mi ò ní dárúkọ, torí pé àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ ní ìjókòó yìí. Òun ló ń tọ́jú gbọ̀ngàn tí àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àṣewọlé. Mo rí i bí ẹ ṣe ń wò mí. Kí ni Ààfáà mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà? Ẹ fara balẹ̀, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, nínú yàrá tó tutù. Wọ́n á pín inú rẹ̀ bí ẹni tó pín ilé sí yàrá. Ìpín kọ̀ọ̀kan á máa ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà tó dá dúró. Ẹ ò lè fọwọ́ kàn án, kò ní irin tirẹ̀, àmọ́ ẹni tó jókòó síwájú gíláàsì rẹ̀ ò ní mọ̀ pé òun ní alábàágbé.

Ọgọ́ta irú ẹ̀ ni Alájà máa ń ṣe ṣáájú ìdánwò, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Á fún un lórúkọ, á fún un ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, á wo aago rẹ̀ bóyá ó bá tòde mu. Ọjọ́ méje ló máa ń gbà á, ẹ̀yìn á sì máa ro ó títí ìdánwò á fi kọjá.

Wọ́n wá gba ọkùnrin kan síṣẹ́, Mùdáṣírù. Ó mọṣẹ́, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ó wo Alájà ní ọjọ́ kejì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Alájà, ẹ ń fi ṣíbí gbẹ́ kànga! Ẹ jẹ́ n kọ ìwé àṣẹ fún un. Kọ̀ǹpútà á máa kà á ní ìlà dé ìlà, á sì máa ṣe ohun tó bá kà. Ẹ kàn jókòó kẹ́ ẹ máa mu omi."

Lóòótọ́ ni. Ní Ọjọ́bọ̀, láàárín Súhùrù sí Ásárì, ọgọ́ta kọ̀ǹpútà ti wà nílẹ̀. Alájà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Inú ẹ̀ dùn, ẹ má rò pé ó ń jowú. Ìgbà tó wá fi awò rẹ̀ sójú, tó ka ìwé àṣẹ náà, ló rí ohun tó kù. Mùdáṣírù ti ṣe àpẹẹrẹ kan, ó sọ orúkọ rẹ̀ ní Ìdánwò, ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n da àpẹẹrẹ náà kọ nígbà ọgọ́ta. Kò sí ìlà kankan tó ní kí kálukú ní orúkọ tirẹ̀. Alùwàlá ẹnì kan ló fi ṣe ti gbogbo mọ́sálásí.

Alájà yíjú sí Mùdáṣírù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀: pá!

Ṣé Mùdáṣírù ò mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí ni? Ó mọ̀ ọ́n! Ọmọ kéwú ni!

"Mo ti gbọ́, Alájà. Ṣé orúkọ ló fẹ́ ṣèdánwò ni? Mo ti gbé ẹyọ kan yẹ̀ wò, ó ṣiṣẹ́."

"Ẹyọ kan ò lè bá ara ẹ̀ jà, Mùdá. Gbé méjì yẹ̀ wò."

"Lẹ́yìn ìdánwò, Mọ́mì. Ọ̀gá àgbà ń bọ̀ wá wò ó báyìí."

Ọ̀gá dé, ó bọ Mùdáṣírù lọ́wọ́, ó ní irú èèyàn tí àwọn ń wá nìyí. Alájà wo ilẹ̀. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Mo ṣáà ti pàtẹ́wọ́." Ó mú báàgì, ó lọ sílé.

Ọjọ́ Sátidé, èèyàn ọgọ́ta jókòó. Ọ̀kan nínú wọn ni Háfúsátù, ìyá ọmọ kan tó wá láti abúlé tó jìn. Kó tó wọlé ló ti gbé ọmọ fún àbúrò rẹ̀, tó sì sọ fún Alájà lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ bá mi ṣàdúà, Ìyá. Ìgbà kẹta mi nìyí. Ọkọ mi ní tí kò bá bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí, kí n má tún dárúkọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́."

Wọ́n ṣe é fún wákàtí méjì. Bí ẹnì kan bá ti parí, á tẹ bọ́tìnì, gíláàsì á kọ ọ́ síta pé ìdáhùn ti wọlé. Wọ́n jáde. Alájà lọ ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ńlá ń kó ìdáhùn sí. Orúkọ kọ̀ǹpútà tí ìdáhùn ti wá ló fi ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo wọn ń jẹ́ Ìdánwò. Èyí tó dé ń pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́, òmíràn á tún dé, á pa òun náà rẹ́. Ẹyọ kan ló kù. Ti ta ni? Ti arákùnrin kan tó sùn sórí tábìlì, tó jí nígbà tí wọ́n ní àkókò ti tó, tó dáhùn ìbéèrè mọ́kànlá!

Mùdáṣírù dúró lẹ́yìn Alájà.

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé iná ló ṣẹ́jú."

"Iná ò ṣẹ́jú."

"Ó dáa. Màá kọ ìwé àṣẹ míì, Alájà. Á fún kálukú ní máàkì, ti ẹnì kan á pọ̀, ti ẹnì kan á kéré. Ta ló máa mọ̀?"

Ẹ gbọ́ o! Irọ́ pàápàá, kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa á mọ́. Kọ̀ǹpútà ni yóò bá a pa á, mọ́kàndínlọ́gọ́ta lẹ́ẹ̀kan!

Alájà pàtẹ́wọ́. Pá! Ó tún pa á. Pá! Kò dúró. "Mùdáṣírù, ṣé o fẹ́ kí ẹni tí kò lè ka ohun tó wà lára ìgò oògùn máa gún ìyá rẹ lábẹ́rẹ́ lọ́la? Ẹni tó sì mọ̀ ọ́n, kó padà sóko? Ìwọ ọkùnrin yìí, o ti dá mi lágara!"

Ó jáde. Háfúsátù ló kọ́kọ́ rí, ó ń fún ọmọ lọ́mú lábẹ́ igi.

"Ìyá, ó wọlé, àbí?"

Alájà gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó ní, "Kò wọlé. Àfi ti ẹnì kan, ti gbogbo yín ò wọlé. Èmi rí àṣìṣe náà láti Ọjọ́bọ̀, mo dákẹ́."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n mú obìnrin náà. Ibẹ̀ ni Mùdáṣírù yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sorí kọ́. "Ẹ fi Alájà sílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún mi."

Ọ̀gá ní kí gbogbo wọn padà wá ṣe é ní Túsìdeè. Mùdáṣírù tún ìwé àṣẹ náà kọ. Ẹ mọ ohun tó fi kún un? Ìlà kan! Ìlà kan tó ní kí kọ̀ǹpútà máa ka orúkọ láti inú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kó fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé méjì yẹ̀ wò. Kò gba ìdajì wákàtí.

Ọjọ́ Túsìdeè pé, orúkọ ọgọ́ta yọ lójú gíláàsì ọgọ́ta. Èèyàn mọ́kàndínlọ́gọ́ta jókòó. Háfúsátù nìkan ni kò wá; wọ́n pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Wọ́n parí, wọ́n jáde, Mùdáṣírù na ọwọ́ láti pa kọ̀ǹpútà Háfúsátù.

"Fi sílẹ̀," ni Alájà wí.

Àwọn méjèèjì jókòó síwájú rẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Ásárì, orúkọ Háfúsátù ń tàn lójú wọn, àga rẹ̀ ṣófo.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ìlà wo lẹ fò? Ìwọ bàbá tó pàṣẹ kan fún ọmọ mẹ́jọ, ṣé ìwà wọn dọ́gba ni? Ìwọ tó rí i, tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó mú báàgì, ṣé àmánà tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ ti bọ́ lọ́rùn rẹ nìyẹn? Ìmáámù tó gbàgbé ní ìforíkanlẹ̀ ìgbàgbé tó lè fi tún ìrun rẹ̀ ṣe kó tó tú jámáà ká. Ẹ tún un ṣe kí jámáà tó tú.

Ọlọ́hun, má fi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn sábẹ́ ọwọ́ ẹni tí kì í wẹ̀yìn. Fún wa létí tó ń gbọ́ àtẹ́wọ́, fún wa lọ́wọ́ tí kì í tètè rẹ̀. Àti Háfúsátù, níbi yòówù tó bá wà, Ìwọ tí O mọ orúkọ kálukú, ṣí ilẹ̀kùn míì fún un. Àmín.