Igi Tí Kò Ní Gbòǹgbò Lójú Ọ̀nà Igando

Àwa tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún nìkan ni wọ́n ń kó sí yàrá tí mo wà yìí. Adájọ́ ti sọ tirẹ̀. Àwọn tí mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí náà ti sọ tiwọn, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn já sí. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, n ó rò pé àwọn tó máa yẹgi fún mi ti dé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè máa fura sí mi, kí ẹ máa sọ pé ẹlẹ́wọ̀n kan ló ń wá àánú. N kò bá yín jà. Bí mo bá wà ní ipò yín, èmi náà ì bá fura. Ìfura ló sáà gbé mi dé ibí.

Òṣìṣẹ́ káńsù ni mí tẹ́lẹ̀, lápá Ìkòtún. Àwọn kan láti òkè òkun ló bá ìjọba ṣe àdéhùn pé àwọn yóò máa ran káńsù lọ́wọ́ láti gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí ooru tó ń mú ju ti àtijọ́ lọ àti àgbàrá tó ń wọlé bá àwọn èèyàn. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń gbìn ín lójú ọ̀nà Ìkòtún sí Igando, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ a máa pè mí ní Ọ̀gá Onígi, inú mi a sì máa dùn. Kí n tó ríṣẹ́ náà, mo ti jókòó sílé pẹ́. Ìyàwó mi ló ń bọ́ mi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Mo ti pinnu pé n kò ní padà sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Igbákejì mi ni Múfútáù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Sìdíkátù. Èmi ni mo mú un wọ káńsù. Kò fi orúkọ pè mí rí, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ owó ìrànlọ́wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Lónìí wọ́n á ní owó ń bọ̀ lọ́nà, lọ́la wọ́n á ní àwọn ará òkè òkun ti ń fà sẹ́yìn. Táńkà tó ń bomi rin igi kò rí epo rà mọ́. A wá ń fi garawa fa omi nínú kànga àtijọ́ kan tó wà nínú ọgbà káńsù, a ń rù ú lọ sójú títì. Ni ìròyìn bá tún jáde pé wọn yóò dín òṣìṣẹ́ kù. Láti ìgbà náà, ẹni méjì kò lè dúró sọ̀rọ̀ ní káńsù kí ẹni kẹta má rò pé òun ni wọ́n ń sọ. Akọ̀wé ń fura sí awakọ̀, awakọ̀ ń fura sí agbálẹ̀. Èmi fura sí gbogbo wọn. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, mo sì rò pé àgbà ni mí.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa obìnrin tí a ń pè ní Màdáámù ránṣẹ́ pè mí.

“Ẹ gbọ́, àwọn tó ń gbé owó wá máa wá fojú ara wọn wo igi yẹn. Èyí tó bá wà láàyè ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá wọ́n á tún gbé owó wá. Igi tiyín ńkọ́?”

“Wọ́n wà dáadáa, mà.”

Irọ́ ni mo pa. Ewúrẹ́ ti jẹ púpọ̀ nínú wọn, oòrùn pa òmíràn, àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì ti fa òmíràn tu nítorí pé ó dí iwájú ìsọ̀ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí igi ti kú. Mo gé ẹ̀ka tútù kan lára igi máńgòrò ìtòsí, mo rì í mọ́ ojú ibẹ̀, mo da omi sí i. Ó dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rò pé igi ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ka kan péré, kí ló le níbẹ̀? Kò pẹ́ tí ẹ̀ka fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju igi lọ lójú ọ̀nà náà. Bí wọ́n bá rọ, n ó tún gé tuntun.

Múfú ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ń bomi rin ọ̀kan, ó fọwọ́ kàn án, ó sì yọ sí i lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí ò ní gbòǹgbò o.”

“Mo mọ̀. Dá a padà.”

“Tí àwọn àlejò yẹn bá wá fà á wò ńkọ́?”

“Ta ló máa sọ fún wọn pé kí wọ́n fà á?”

Ó dá ẹ̀ka náà padà, ó dúró ń wo títì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wíwò tó ń wò yẹn ló dẹ́rù bà mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Mo rí i tó ń fi fóònù ya àwòrán àwọn igi díẹ̀ tó ṣì yè. Bí ẹnìkan bá pè é, á rìn jìnnà sí mi kó tó gbé fóònù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a ní ọ́fíìsì Màdáámù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí mo ṣe wọlé, àwọn méjèèjì dákẹ́.

“Kí lẹ̀ ń sọ?” mo bi í nígbà tí a jáde.

“Kò sí, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni jàre. Ẹ ó gbọ́ tó bá yá.”

“Sọ ọ́ nísinsìnyí.”

“Ẹ fi mí sílẹ̀ ná. Inú yín máa dùn sí i ṣá.”

Ó rẹ́rìn-ín, mo sì gbà pé èmi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé ọmọ tí mo mú wọ káńsù ti fẹ́ lọ tú àṣírí mi kó lè gba ipò mi.

“Kí lẹ ṣe tó fẹ́ lọ sọ?” ló bi mí.

Mo bínú, mo jáde síta. N kò jẹun nínú ilé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní àwọn àlejò máa dé, èmi àti Múfú nìkan la lọ fa omi láàárọ̀. A kò tíì fa garawa kan nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó kẹ́yìn sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tó ní, “Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀. Ẹ má sọ fún wọn o.” Ó fi fóònù sápò, ó wá bẹ̀rẹ̀ lórí kànga láti wo ibi tí omi fà dé. Mo sọ garawa sílẹ̀, mo tì í. N kò ní sọ pé èṣù ni. Ọwọ́ mi méjèèjì ni.

Kò kú lójú ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo já bọ́ o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ju okùn sí mi.”

Ó rò pé ẹsẹ̀ òun ló yọ̀. Okùn wà lẹ́sẹ̀ mi níbẹ̀. Mo dúró. Ó ń pè mí títí tí n kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ìgbà náà ni mo tó figbe ta. Àwọn èèyàn sáré wá. Ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọgbà mú okùn náà, ó wò mí.

“Okùn yìí gbẹ,” ló sọ.

Ní tèṣọ̀n ọlọ́pàá, mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀, wọ́n ní kí n máa lọ ná, ṣùgbọ́n kí n má rìn jìnnà.

Mo lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Sìdíkátù rí mi, ó fà mí lọ sẹ́yìnkùlé. Ọmọ igi tútù yọ̀yọ̀ nínú láílọ́ọ̀nù dúdú ló kún ibẹ̀ láti ara ògiri dé ara ògiri.

“Ẹ wo iṣẹ́ àbúrò yín,” ló wí. “Ó ní kí n má sọ fún yín títí wọ́n á fi pé. Ó ní ọ̀rọ̀ igi yẹn ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn mọ́. Ó lọ bá Màdáámù pé òun lòun ò bomi rin wọ́n dáadáa tí wọ́n fi kú. Màdáámù ló júwe ẹni tó ń tà wọ́n ní Ìpájá fún un, ó sì fi àwòrán àwọn tó ṣì yè wá irú wọn rà. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gbìn wọ́n kí àlejò tó dé.” Ó nu ojú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, kí la máa wá ṣe sí wọn báyìí?”

Níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un. Igbe rẹ̀ ló pe àwọn tó kù.

Àwọn àlejò náà kò wá rárá. Wọ́n ní ètò owó ti yí padà. Àtìmọ́lé ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀ bóyá á wà lọ́la, èmi ni kí ẹ wò. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ mi. Nítorí pé mo ní ohun tí mo ń fi pamọ́ ni mo ṣe ń rí ẹlẹ́rìí lójú gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá ti rì ẹ̀ka kan mọ́lẹ̀ pé igi ni, ẹ lọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí yóò bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, kó gbà á. Mo ti jókòó sílé láìníṣẹ́ rí, n kò kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èèyàn tó fẹ́ràn yín san owó irọ́ yín. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣọ́ Múfú, òun kò ṣọ́ mi. Ó wà nínú kànga, ó ń pè mí, kò sì fura sí mi títí tó fi kú.