Àwọn Ará Ilé Tí Kò Jáde Mọ́

[Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Màmá Mùínátù ní Ìjẹ̀bú-Òde ń pe Rahmah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ní Àbújá.]

MÀMÁ: Hẹ́lòó! Rahmah! Ìwọ lo gbé e?

RAHMAH: Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ṣé dáadáa lẹ wà?

MÀMÁ: Alhamdulillah. Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá ẹ ńkọ́? O ti jẹun?

RAHMAH: Mo ti jẹun. Màmá, mo wà ní ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí n—

MÀMÁ: Èmi ò tíì jẹun. Mo se ìkọ́kọrẹ́. Ìkòkò ńlá yẹn náà ni mo tún gbé kaná, bí ẹni pé mo ní àlejò! [Ó ń rẹ́rìn-ín.] Orí mi ti dàrú. Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnìkan.

RAHMAH: Ẹ bù ú sínú fíríìjì.

MÀMÁ: Iná dà? [Ariwo lórí ìlà.] Ṣé o gbọ́ mi?

RAHMAH: Mo ń gbọ́ yín.

MÀMÁ: Bí ẹnìkan bá ń bi èèyàn ní ìbéèrè láti àárọ̀, tí èèyàn ò dá a lóhùn, ṣé kì í ṣe àfojúdi?

RAHMAH: Ta ló ń bi yín ní ìbéèrè?

MÀMÁ: Tab tí o rà fún mi. Ó ní fáìlì kò ṣeé kà, ó ní ṣé ká bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Bẹ́ẹ̀ni, Rárá. Mo ní èmi arúgbó, kí ni mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Àmọ́ ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìka mi ti wà lórí Bẹ́ẹ̀—

RAHMAH: Màmá, ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ẹ gbé ọwọ́ kúrò!

MÀMÁ: Ó ti kúrò! O fẹ́ kí àyà mi já?

RAHMAH: Bí ẹ bá tẹ Bẹ́ẹ̀ni, á pa gbogbo wọn rẹ́. Bàbá Akọ̀wé, Màmá Eyínafẹ́, gbogbo ará ilé tí ẹ ti sọ ìtàn wọn fún un.

MÀMÁ: Pa wọ́n rẹ́ kẹ̀? Wọ́n ti kú lẹ́ẹ̀kan ná.

RAHMAH: Kò sì sí wọn níbòmíràn. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi wọ́n sórí cloud.

MÀMÁ: Kí n kó àwọn èèyàn mi lọ sínú àwọsánmà, kí òjò máa pa wọ́n? [Ó rẹ́rìn-ín.] Àsìkò yìí ló máa ń kà wọ́n sí mi létí, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn. Èmi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń dá wọn lóhùn. Láti àná kò ka ẹnìkankan. Ilé pa lọ́lọ́. Kí lo ṣe fún wọn?

RAHMAH: Mo tún un ṣe ni. Ẹ wò ó, èmi ni mo dá irú nǹkan kan sílẹ̀ nínú ẹ̀, type tèmi fúnra mi. Mo pè é ní Ará Ilé. Ó ní orúkọ, ó ní ìnagijẹ, ó ní yàrá, ó ní ìtàn. Kò lè wọ inú fáìlì bó ṣe rí yẹn. A ó kọ́kọ́ tú u, á di ìlà lẹ́tà kan. Bí a bá fẹ́ ẹ padà, a ó tún un tò.

MÀMÁ: Bíi bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà ẹ. Ilẹ̀kùn ò gbà á, káfíńtà tú u, ó tún un kàn nínú yàrá.

RAHMAH: Ó ti yé yín! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni—

MÀMÁ: Orí ẹ̀ ni mo ti lóyún bàbá ẹ. Bẹ́ẹ̀dì tí ń ké bí ewúrẹ́! Gbogbo kọ̀rídọ̀ ló mọ̀!

RAHMAH: Màmá! Àwọn èèyàn wà níbí!

MÀMÁ: Kí wọ́n gbọ́. Wọn ò ní ìyá ni?

RAHMAH: [Ó ń rẹ́rìn-ín.] Ṣé ẹ gbọ́ mi? Lánàá mo fi òfin kan kún un, pé Ará Ilé gbọ́dọ̀ ní orúkọ gidi. Èyí tí ń tò ó padà kì í méfò. Bí ègé kan ò bá sí, kò ní to ìyókù. Ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Akọ̀wé, ibi orúkọ ṣófo, ó kọ gbogbo ilé sílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ orúkọ wọn?

MÀMÁ: Ìwọ Rahmah! Ṣé ìyàwó ń pe ọmọ ilé lórúkọ ni? Látìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá láti Ìbẹ̀fun, ẹni tó bá ti wà nílé kí n tó dé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, orúkọ tí mo fún un ni mo ń pè é. Akọ̀wé. Eyínafẹ́. Òpéléńgé.

RAHMAH: Èmi náà ò mọ orúkọ wọn, ohun tí ẹ ń pè wọ́n la gbọ́ dàgbà. Ẹ tẹ Rárá, á máa bi yín níkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti fẹnu dárúkọ—

MÀMÁ: Kò ṣeé ṣe.

RAHMAH: Ó dáa. Ẹ̀bi mi ni, mi ò bi yín kí n tó ṣe é. Mo máa yí i padà sí Maybe. Orúkọ lè wà, ó lè má sí. Àmọ́ ó di ọjọ́ Ajé.

MÀMÁ: Ọjọ́ Ajé? [Ariwo lórí ìlà.] Ṣé o gbọ́ mi? O ní kí n dá wà níbí títí di ọjọ́ Ajé?

RAHMAH: Màmá, ẹ má bínú—

MÀMÁ: Dúró. Mo ti tẹ Rárá. Ó ní, "Kí ni orúkọ Akọ̀wé?"

RAHMAH: Kò pọn dandan o.

MÀMÁ: Ìyàwó tó bá dán an wò láyé ìgbà yẹn, gbogbo yàrá ló ń jáde wá bú u. Jẹ́ kí n wò ó. [Ó pariwo.] Zakariyah! Zakariyah, èmi Mùínátù ni mo pè ọ́ o!

[Tab dún. Ohùn ẹ̀rọ: "Yàrá kìíní. Akọ̀wé."]

RAHMAH: Ó ti kà á! Màmá, ó ti kà á!

MÀMÁ: Ràmọ́tà! Eyínafẹ́, Ràmọ́tà lorúkọ ẹ!

[Tab dún. Ohùn ẹ̀rọ: "Yàrá kejì. Eyínafẹ́."]

RAHMAH: Ẹ wò ó! Wọ́n ń padà bọ̀!

MÀMÁ: Kò sí ẹni tó jáde, Rahmah.

RAHMAH: Jáde láti ibo, Màmá?

MÀMÁ: Mo pariwo dé gbọ̀ngàn. Ilẹ̀kùn kan ò dún. Ìwọ náà, ọmọ ilé ni ọ́. Bú mi.

RAHMAH: Hàà! Mi ò lè—

MÀMÁ: Bú mi díẹ̀, jọ̀ọ́. Ṣé o gbọ́ mi?

RAHMAH: [Ó gbé ohùn sókè.] Ìwọ ìyàwó yìí! Ta ló ní kí o pe bàbá wa lórúkọ? Wọn ò kọ́ ẹ nílé yín ní Ìbẹ̀fun ni?

MÀMÁ: [Ó bú sẹ́rìn-ín.] Hẹ́n-ẹn! Mo kúnlẹ̀ o, ọmọ ọkọ mi! Tún un sọ, ìlà ń já. Rahmah? Ṣé o gbọ́ mi? Tún un—

[Ìpè já.]